Ọgọ́fà Ẹyin Nílé Ìyá Paná

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Ìyá Paná jẹ́, balùwẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọjú wò. Ike ńlá mẹ́ta ló tò síbẹ̀. Omi tó fi wẹ̀ kì í ṣàn lọ lásán. Ó ń gbà á sínú ike kan, òun ló fi ń ṣan ilé ìgbẹ́. Omi tó fi ṣan aṣọ kẹ́yìn, òun ló fi ń nulẹ̀. Omi òjò tó bá ti orí òrùlé wá, òun ló fi ń fọ abọ́. Èèpo èso àti ìdí ẹ̀fọ́ ń jẹrà nínú garawa lẹ́yìn ilé, wọ́n ń di ajílẹ̀ fún ata tó gbìn sínú àwọn ike ọ̀dà. Àwọn ará àdúgbò máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí Ìyá Paná bá sín, á wá ohun tí yóò fi atẹ́gùn rẹ̀ ṣe. Òun náà á dá wọn lóhùn pé, "Ẹ máa rín in lọ. Ayé kan ṣoṣo la ní, owó mi náà ò sì pé méjì."

Aránṣọ ni. Yàrá iwájú ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, ẹlẹ́sẹ̀ ni, kì í jẹ iná. Àgékù aṣọ kì í jáde nílé náà. Èyí tó bá tóbi á di àpò ọjà, èyí tó bá kéré á lọ sínú àpótí pákó kan ní ilé ìdáná. Ẹ gbọ́ iṣẹ́ tí àpótí yẹn ń ṣe dáadáa, torí a ṣì ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀wà bá ti hó fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí gáàsì, Ìyá Paná á paná, á gbé ìkòkò sínú àpótí, á fi àgékù aṣọ ká a mọ́ yí po, á gbé tìmùtìmù lé e lórí, á sì pa ìdérí dé. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ẹ̀wà á ti jinná fúnra rẹ̀. Kò ná an ní gáàsì, kò sì rú èéfín. Ọkọ rẹ̀ kì í yéé fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Á ní, "Ìkòkò tó o wé bí ọmọ yìí, ta ni bàbá ẹ̀?"

Súwíìṣì àgbà ló sọ ọ́ lórúkọ tó ń jẹ́. Fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko, bí obìnrin yìí bá ti fẹ́ jáde, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á nà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, á fa súwíìṣì tó ń pa gbogbo iná ilé lẹ́ẹ̀kan náà wálẹ̀. Ó ní ẹni tí kò sí nílé kì í jẹun nílé, kí ló wá dé tí iná á máa jẹ owó nígbà tí kò sẹ́nìkan ńlé? Aago ara ògiri wọn pàápàá, ara iná ló ní kí wọ́n fà á sí, torí bátìrì kéékèèké tí àwọn èèyàn ń dà nù ń ba ilẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá jáde, aago á sùn. Bí wọ́n bá wọlé, ọkọ rẹ̀ á gun àga, á yí i sí àkókò tó yẹ, á máa kùn pé aago tó ń gba ìsinmi lójoojúmọ́, ṣé òṣìṣẹ́ ìjọba ni?

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ tí ọkọ yìí ti bójú tó ẹ̀rọ fún ọdún méjìlélógún kógbá sílé. Oṣù mẹ́jọ ló fi jókòó sílé, tó ń wo àjà. Èèyàn tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín wá di ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ kó tó jẹun. Lọ́jọ́ kan ó dìde, ó kó pákó àti páànù àlòkù jọ, ó sì kan ẹ̀rọ asàba kan fúnra rẹ̀: àpótí gíga kan tí iná ń mú gbóná, tó ń ṣe fún ẹyin ohun tí àgbébọ̀ ń fi ìyẹ́ rẹ̀ ṣe. Ọlọ́sìn adìyẹ kan gbọ́ nípa rẹ̀, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ọgọ́fà ẹyin wá. Ó ní, "Bí ọgọ́rin nínú wọn bá di òròmọdìyẹ, gbogbo ẹyin oko mi á máa wá bá ọ níbí. Bí wọn ò bá pé ọgọ́rin, má wulẹ̀ pè mí."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ mú ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó fà á dé ìdí súwíìṣì àgbà. Kò ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá.

"Ìyàwó mi, gbogbo ìṣọ́wóná rẹ, mo ti fara mọ́ ọn. Ọjọ́ mọ́kànlélógún péré ni mò ń tọrọ. Jọ̀ọ́, má fọwọ́ kan nǹkan yìí. Bí ẹyin yẹn bá tutù, èmi náà tutù nìyẹn."

"Baálé mi, mo gbọ́," ló wí. "Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Ó sì mú ìlérí yẹn ṣẹ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Aago ara ògiri tiẹ̀ ń lọ geere, kò sùn lẹ́ẹ̀kan, ẹnu ń ya àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ ogún wá pé. Láti ọjọ́ tó ṣáájú ni ọkọ rẹ̀ ti lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá, ìrọ̀lẹ́ ló máa dé. Láàárọ̀ yẹn, òjò ṣú dùdù. Ogójì aṣọ ọmọ ilé ìwé gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni wọ́n. Ìyá Paná gbé ẹrù lé orí, ó fi agboòrùn há abíyá, ó fi eyín di kọ́kọ́rọ́ mú. Ó yẹ ooru ẹ̀rọ asàba wò, ó pé. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ń sáré kí òjò má baà bá a lọ́nà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn bó ti máa ń rìn. Owó ọkọ̀ àti èéfín ọkọ̀, ọ̀tá rẹ̀ ni méjèèjì.

Nílé ìwé, tó wà ní àdúgbò míì, ó wọ aṣọ fún ọmọ kan, ó tún ti òmíràn ṣe, títí aago méjì fi kọjá. Nígbà tó ń palẹ̀ mọ́ nínú yàrá ẹrù, ọ̀gá àgbà ilé ìwé náà, obìnrin ọlọ́yàyà kan, yọjú, ó ní, "Ìyá, ẹ bá wa paná bí ẹ bá ń bọ̀."

Ọwọ́ ti débẹ̀ kí ẹnu tó sọ ọ́ tán. Iná ti kú. Ọ̀gá àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Áà! Wọn ò purọ́ mọ́ yín o!" Ìyá Paná náà rẹ́rìn-ín. Ló bá wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì wà lára ògiri. Ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu.

Ọwọ́ kan náà nìyẹn. Ẹrù wà lórí, kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu, agboòrùn wà lábíyá òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ṣófo. Kí ni ọwọ́ ọ̀tún ṣe láàárọ̀? Ó ń gbìyànjú láti rántí, kò rántí. Ohun tó wá dá a lójú ni pé kò rántí pé òun ò ṣe é.

"Mo gbé!" ló pariwo. Kò dágbére, kò mú agboòrùn. Alùpùpù àkọ́kọ́ tó rí ló gùn, kò tiẹ̀ ná owó rẹ̀. Ọdún mélòó kan rèé tí kò ti gun alùpùpù! Ó ń lu ọlọ́kọ̀ léjìká pé kó tẹ̀ ẹ́. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé ọwọ́ òun ò kan súwíìṣì náà.

Ó ṣílẹ̀kùn. Ọwọ́ súwíìṣì àgbà wà nísàlẹ̀, ó ti paná.

Ó tì í sókè. Òkùnkùn. Ó fà á wálẹ̀, ó tún tì í sókè, ó ṣe é bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kò síná. Ìyá Agbẹ̀bí, aládùúgbò rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìgbẹ̀bí, jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń fi pépà fẹ́ ara. Ó ní, "Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Wọ́n ti muná lọ láti aago kan. Gbogbo àdúgbò ni."

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ìyá Paná sáré síbi ẹ̀rọ asàba, ó ṣí i. Ooru tó yẹ kó jáde lu ojú rẹ̀, kò jáde. Ó mú ẹyin kan, ó gbé e sẹ́rẹ̀kẹ́. Ó tutù. Ó mú òmíràn. Ó tutù. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún.

"Ìyá Agbẹ̀bí, ẹ gbà mí! Mo ti pa á! Mo ti pa ọkọ mi!"

Ìyá àgbà náà yára wọlé, ó ro pé òkú lòun máa bá ní tòótọ́. Nígbà tó rí ẹyin, ó mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run á dárí jì ọ́! O fẹ́ẹ́ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi ru." Àmọ́ kò dúró bínú. Ó tẹ̀ ba, ó gbé ẹyin kan sétí, ó di ojú. Ó gbé e sílẹ̀, ó mú ìkejì. Nígbà tó dé orí ìkẹfà, ó gbé ìka sókè.

"Ẹni kan ń họ nǹkan nínú ibí yìí. Dìde! Ọmọ tó tutù kì í ṣe òkú ọmọ, mo ti rí i lẹ́ẹ̀mélòó kan. Kí lo ní tó ń gbóná?"

Kí ló ní? Ojú Ìyá Paná lọ sí ilé ìdáná, ó bọ́ sórí àpótí àgékù aṣọ. Ẹkún gbẹ lójú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ó tan ojú gáàsì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí kò ṣe rí látìgbà tó ti rà á. Ó kó gbogbo ìgò ike tó ti ń tọ́jú sábẹ́ ibùsùn jáde, ogún lé ní díẹ̀. Omi kò tíì hó tó ti fẹ́ rọ ọ́, Ìyá Agbẹ̀bí gbá a lọ́wọ́. "Rọra! Ohun tá a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. O fẹ́ sè wọ́n ni? Lọ́wọ́ọ́wọ́, bí omi tá a fi ń wẹ ọmọ tuntun." Ó ki ìgúnpá bọ omi, ó ní ó gbóná jù, ó bu tútù sí i, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì rọ omi sínú ìgò, wọ́n tò wọ́n sísàlẹ̀ àpótí àti sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n tẹ́ àgékù aṣọ lé e, wọ́n to ẹyin, wọ́n tún tẹ́ aṣọ. Èyí tí kò gba inú àpótí, wọ́n tò ó sínú garawa méjì, wọ́n fi tìmùtìmù àti aṣọ òtútù bò wọ́n. Bí ìgò bá ti ń tutù, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Wọn ò jókòó. Òógùn bo ojú àgbàlagbà náà.

"Àwọn tó ń muná yìí náà kò níwà," Ìyá Agbẹ̀bí ń kùn. "Láti aago kan! Ṣé ìwọ lo ni ẹ̀bi?"

Ìyá Paná lanu. Ó tún pa á dé. Ẹ ò rí i bí irọ́ ṣe ń wọlé? Kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹlòmíràn á ti bá èèyàn ṣí i, tèèyàn ò ju kó dákẹ́ lọ.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, ọkọ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Ó rí ẹ̀rọ asàba tó ṣí sílẹ̀, tó ṣófo. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àwọn ẹyin mi dà?"

"Wọ́n wà nínú àpótí," Ìyá Agbẹ̀bí dáhùn. "Àwọn oníná ló muná lọ láti aago kan, ìyàwó rẹ ló ń sáré kiri bí ẹni orí ń fọ́. Ẹ̀mí ṣì wà nínú wọn. Fọkàn balẹ̀."

Ọkùnrin náà wo àpótí. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó gbójú sókè wo ògiri, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. "Láti aago kan," ló wí.

Ìyá Paná mi orí, bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì wọ ilé ìdáná lọ gbé omi gbígbóná. Nígbà tó padà dé, ọkọ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Kò bi í léèrè ohun tó ń wá lórí àga. Ta ló ráyè ìyẹn?

Iná dé ní aago mẹ́fà. Wọ́n kó ẹyin padà sínú ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kó ọmọ sùn. Ọjọ́ kọkànlélógún pé, kò sí ẹyin kan tó sán. Ọkọ rẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ láti àárọ̀, kò jẹun. Ìyá Paná jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbìyànjú láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan, ó tiẹ̀ pe "Baálé mi," ìyẹn sì yíjú sí i kíákíá, ó ń dúró. Ló bá ní, "Ṣé kí n bu omi fún yín?" Ó bínú sí ara rẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara rẹ̀ létí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́, ó mọ ìyẹn. Àmọ́ èyí tí kò bọ́ yìí ló ń rùn mọ́ ọn nínú.

Ọjọ́ kejìlélógún, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹyin kan dún. Ihò kékeré là sí i lára, ẹnu ṣónṣó kan yọ. Òmíràn dún. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ariwo òròmọdìyẹ ti gba gbogbo ilé. Ìyá Agbẹ̀bí ń jó lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò gbẹ̀bí tó báyìí lọ́jọ́ kan rí. Ọkọ ń kà wọ́n, ìyàwó ń kà wọ́n. Ọgbọ̀n. Àádọ́ta. Ọgọ́ta. Nígbà tó dé orí mẹ́tàdínláàádọ́rin, kò sí èyí tó tún sán mọ́. Wọ́n dúró di ọjọ́ kejì. Àwọn tó kù ò dún.

Ọlọ́sìn adìyẹ dé láàárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú àgò. Ó kà wọ́n, kò jókòó.

"Mẹ́tàdínláàádọ́rin."

"Ọ̀gá, wọ́n muná lọ," ọkọ Ìyá Paná sọ.

"Mo gbọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará ìta. Aago kan sí aago mẹ́fà. Wákàtí márùn-ún ni. Èmi náà ti fi ẹ̀rọ sàba ẹyin rí, arákùnrin. Wákàtí márùn-ún péré láìsíná ò lè pa ẹyin tó ti dàgbà púpọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí kì í bá ṣe ẹ̀rọ rẹ ni kò dáa, a jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ni. Pákó àti páànù lásán lo kàn pọ̀. Mo dúpẹ́."

Ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ó tẹ orí ba. Ìyá Paná wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ọwọ́ tó kan ẹ̀rọ yẹn láti inú àlòkù, inú rẹ̀ sì bà jẹ́ débi tí kò mọ ìgbà tó dìde.

"Ọwọ́ ẹ̀ kọ́. Ọwọ́ mi ni."

Gbogbo wọn yíjú.

"Kì í ṣe aago kan niná lọ nílé yìí. Èmi ni mo fa súwíìṣì àgbà wálẹ̀ láàárọ̀, lẹ́yìn aago méje, bí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án, tí mi ò mọ̀ pé mo ṣe é. Wákàtí mọ́kànlá ni ẹ̀rọ yìí fi wà láìsíná. Ó sì ti ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ ẹ̀ ò ní àbùkù. Bẹ́ ẹ bá máa bá ẹnìkan wí, èmi rèé."

Ìyá Agbẹ̀bí fọwọ́ bonu lẹ́nu ọ̀nà. Ọlọ́sìn gbé àgò sílẹ̀. "Wákàtí mọ́kànlá," ló wí, "tí mẹ́tàdínláàádọ́rin sì yè?" Ìyá Agbẹ̀bí sọ fún un nípa àpótí àgékù aṣọ, ọkùnrin náà sì ní kí wọ́n fi í han òun. Ó tẹ̀ ba, ó ki ọwọ́ sáàárín àgékù aṣọ, ó fà wọ́n yẹ̀ wò, ó gbé ìgò ike kan sókè. Ó dìde, ó kó òròmọdìyẹ sínú àgò, ó jáde. Ẹnu géètì ló ti yíjú padà.

"Ọgọ́rin ni mo wí, wọn ò sì pé ọgọ́rin. Ìyẹn ti tán. Ọgọ́ta ẹyin ni màá gbé wá lọ́jọ́ Ajé, àdéhùn tuntun nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí àpótí àkísà yẹn wà nítòsí ẹ̀rọ."

Nígbà tó lọ tán, tọkọtaya náà dúró sójú kan. Ìyá Paná kúnlẹ̀. "Baálé mi, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo mọ̀," ni ìyẹn wí.

"Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù bà mí?"

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti dé." Ó nawọ́ sí ògiri.

Ìyá Paná gbójú sókè. Fún ọjọ́ mẹ́ta tó ti ń kọjá lábẹ́ aago yẹn, kò wò ó lẹ́ẹ̀kan. Wáyà rẹ̀ rọ̀ dirodiro, ẹnìkan ti fà á yọ. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ló ń wí.

"Àwọn oníná ò muná lọ ní aago méje," ọkọ rẹ̀ wí. "Mo yọ wáyà ẹ̀ kó má baà tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo ń retí kó o wò ó."

"Ọkùnrin yẹn wá ń bú ọwọ́ yín lójú mi, ẹ sì dákẹ́?"

"Mo ti pinnu pé bó o bá dákẹ́, èmi náà á dákẹ́." Ó fà á dìde. "Mo kàn ń bẹ Ọlọ́run kó o má dákẹ́ ni."

Omijé dà lójú obìnrin náà, kò sì nù ún. Ọkọ rẹ̀ wọ́ àga sí ìdí ògiri, ó bi í pé aago mélòó ló lù báyìí. Ó sọ fún un. Ọkùnrin náà gun àga, ó ki wáyà bọ iná, ó ń yí ọwọ́ aago lọ díẹ̀díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì di àga mú kó má baà ṣubú.